Stabilizer ẹ̀yìn ọkọ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, àti bí a ṣe ń dè é nílé

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Kano, ní Kaduna, ní Gusau, ní Minna, àti àwa tí a wà níbí ní Jos, ọjà á tà o, àwìn ò ní pọ̀ jù. Alákòóso yín náà ni mo tún dé. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá gbé ohùn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ náà nìyí tí a kọ sílẹ̀.

Àbúrò wa kan níbí ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ ra stabilizer tó nípọn fún ẹ̀yìn Camry òun. Ó ní tí òun bá ti kó pòtétò sí búùtù, ìdí ọkọ̀ máa ń wọlẹ̀, tí òun bá sì dé àwọn kọ́nà Hawan Kibo, ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì. Wọ́n ti sọ fún un pé ó lè dè é fúnra rẹ̀ níwájú ilé. Ẹ mọ̀ pé pátì ni mò ń tà, ó ti lé ní 20 ọdún. Ọjà mi ni ó fẹ́ rà. Síbẹ̀ mo ní kó mú sùúrù ná, nítorí ìbéèrè méjì ló pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ìdí ọkọ̀ tó ń wọlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń fì ní kọ́nà, ọ̀tọ̀ ni. Stabilizer gbọ́ èdè ọ̀kan, kò gbọ́ èdè èkejì rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin gbọọrọ kan ni, ó tẹ̀ ní ìhà méjèèjì bí irin ìdìmú korobá. Àárín rẹ̀, ìdè méjì ló mú un mọ́ abẹ́ ọkọ̀, rọ́bà tí à ń pè ní bushing sì wà nínú ìdè kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ méjèèjì, linkage ló so wọ́n mọ́ ibi tí táyà wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tẹ́ẹ bá gun bọ́ǹpù, irin yẹn á kàn yí nínú rọ́bà rẹ̀ ni, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ tẹ́ẹ bá já kọ́nà, ara ọkọ̀ á fẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan á fẹ́ wọ inú, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á fẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni irin náà á wá lọ́, bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ. Irin yẹn kò fẹ́ lọ́, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Agbára tó fi ń padà yẹn ni kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ sùn jù.

Ṣé ẹ wá rí i? Ẹrù tẹ́ẹ kó sí búùtù, táyà méjèèjì ló ń tẹ̀ pọ̀. Stabilizer ò mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Tí ìdí ọkọ̀ bá wọlẹ̀, ẹ wo sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ẹrù ti pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ní ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé pọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kà á. Ẹni tó bá de stabilizer tó nípọn torí kó lè tún fi àpò méjì kún ẹrù, ewu ló fi kún un. Ọkọ̀ á dúró dáadáa lójú rẹ̀, àmọ́ bíréèkì, táyà àti sípíríǹgì ò ní lágbára ju ti àná lọ.

Kẹ́ẹ tó náwó, ẹ yẹ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wò. Tẹ́ẹ bá ń gbọ́ gbá-gbá-gbá lẹ́yìn nígbà tẹ́ẹ bá ń kọjá lórí gálọ́ọ̀pù kéékèèké, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ linkage ló ti jẹ, tàbí bushing ló ti lá. Stabilizer tí linkage rẹ̀ ti já, bí ẹni pé kò sí ni. Ẹ pààrọ̀ linkage méjèèjì àti bushing, kẹ́ẹ tún gun ọkọ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, owó rẹ̀ ò sì tó ti irin tuntun.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ẹ mọ irú ọkọ̀ tí tiyín jẹ́. Camry 2002 sí 2006, èyí tí à ń pè ní Big Daddy, ti ní stabilizer lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́ wá. Tiẹ̀ ni pé kẹ́ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Corolla 2003 sí 2008 àti Sienna 2004 sí 2010, irin ńlá kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, irin ńlá yẹn fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ ní kọ́nà. Stabilizer tí wọ́n bá ṣe fún irú wọn, ara irin ńlá yẹn ni wọ́n máa ń dè é mọ́. Ẹ má ra ti ọkọ̀ kan fún òmíràn torí pé ó jọ ọ́.

Ẹ má sì fojú kékeré wo bó ṣe nípọn tó. Irin tó jẹ́ mílímítà 19 le tó ìlọ́po méjì èyí tó jẹ́ 16, ó kù díẹ̀ báyìí, tí ìrísí wọn bá dọ́gba. Mílímítà 3 péré o! Ẹ̀yìn tó bá le jù máa ń tètè yọ̀ ní kọ́nà. Nínú òjò, tí táyà ẹ̀yìn bá tún ti pá, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ sáré wá síwájú. Nítorí náà, ẹ mú èyí tó fi díẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ má mú èyí tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ẹ sì jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn ní eyín dáadáa.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká dè é.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le ni kẹ́ẹ lò. Iyanrìn ò dáa. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn díẹ̀ kẹ́ẹ tó gbé ọkọ̀. Ẹ fi jíà sí P. Ẹ wá gbọ́ mi dáadáa níbi tí mo dé yìí: táyà ẹ̀yìn ni handbrake ń mú. Tẹ́ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, handbrake ò mú nǹkan kan mọ́. Ẹ fi igi tàbí òkúta ńlá há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn wọn.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kẹ́ẹ gbé e lé orí stand irin méjì, ní ibi tí ilé iṣẹ́ sọ pé kí á máa gbé ọkọ̀. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, torí ó lè fọ́ lójijì láì kìlọ̀. Ẹ ti ọkọ̀ díẹ̀ kẹ́ẹ tó wọlé. Tó bá mì lórí stand, ẹ tún un gbé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kẹ́ẹ gbé sókè pọ̀ o. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, irin á ti lọ́, á sì ta yín lọ́wọ́ tẹ́ẹ bá tú u.

Ẹ yọ táyà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn ìpẹtà ara nọ́ọ̀tì, kẹ́ẹ fọ́n WD-40 sí i, kẹ́ẹ ní sùúrù fún un. Nọ́ọ̀tì linkage, tí ọ̀pá àárín rẹ̀ bá ń bá a yí, ẹ fi Allen key mú orí ọ̀pá náà, kẹ́ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú ìdè àárín méjèèjì. Tí exhaust bá dí ọ̀nà, ẹ yọ rọ́bà tó gbé e kọ́, kẹ́ẹ fi nǹkan gbé e dúró, kó má bàa fà. Ẹ yọ irin ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ gbé e sílẹ̀ ti tuntun. Kí ìtẹ̀ wọn àti ibi tí ihò wà bára mu.

Tí bushing tuntun bá jẹ́ polyurethane, gíríìsì tó bá a wá ni kẹ́ẹ fi kùn ún nínú. Tó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ má fi gíríìsì mọ́tò kùn ún, á jẹ ẹ́. Omi ọṣẹ tó. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wé gbogbo bóòtì wọlé, ẹ má tíì fún un. Ẹ rí i pé irin wà láàárín gan-an, kó má yà sí apá kan. Ẹ wò ó bóyá ó fara kan páìpù bíréèkì, wáyà ABS, páìpù epo tàbí exhaust. Tó bá kàn án, ẹ má gùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn ìdè àárín, kẹ́ẹ fún linkage, bí ìwé tó bá pátì wá ṣe sọ ọ́. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kẹ́ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà nígbà tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ ládùúgbò, láìkó ẹrù. Ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún padà wo bóòtì kọ̀ọ̀kan. Tí gálọ́ọ̀pù bá ń dùn yín ní ìdí ju ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́: irin tó nípọn máa ń gbé ìgbọ̀nrìrì táyà kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ẹ̀yin tẹ́ẹ kì í kúrò láàárín Kano pé ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Tí stabilizer bá dá, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Irin tí wọ́n fi iná sè kó lè máa lọ́, kó sì máa padà ni. Iná wẹ́dà á ba agbára yẹn jẹ́ ní ibi tó kàn, ibẹ̀ náà ló sì tún máa ti dá, ó lè jẹ́ ní kọ́nà pẹ̀lú ìdílé nínú ọkọ̀. Tòkunbọ̀ tó pé láti Ládípọ̀ tàbí láti Gate n'Ìbàdàn sàn ju àlẹ̀mọ́ lọ.

Àbúrò wa ti yẹ tiẹ̀ wò. Linkage ọ̀tún ti já, sípíríǹgì sì ti rẹ̀. Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ máa ṣe. Àpò tó ń kó náà á dín kù. Hawan Kibo ò mọ ẹni tó de irin tuntun. Ẹni tó rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú jíà kékeré ló mọ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, màá dáhùn lálẹ́ Sunday. Ọ̀nà á là fún gbogbo wa o. Ó dàárọ̀.