Irin, òòfà àti ìṣirò: bí píánò oníná àtijọ́ ṣe wọ inú laptop

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá yín, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lónìí. Ní Ìkọ̀lé níbí, láti Ọyẹ́ títí dé Ìdó, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní plugin píánò oníná, àmọ́ kí ló dé tí ohùn rẹ̀ kú báyìí?" Àwọn kan tiẹ̀ ti fẹ́ ta kíbọ́ọ̀dù wọn, kí wọ́n fowó kún un, kí wọ́n ra òmíràn. Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí plugin náà ń sín jẹ.

Agídìgbo tí kò ní àpótí

Gbogbo wa la mọ agídìgbo. Irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni wọ́n dè mọ́ ojú àpótí. Ìdí irin wà ní dídè, orí rẹ̀ wà ní òmìnira. Bí ìka bá ta irin náà, á máa gbọ̀n, àpótí á sì gbé ìró rẹ̀ jáde. Irin tó gùn á dún nísàlẹ̀, èyí tó kúrú á dún lókè.

Píánò tí Harold Rhodes, ará Amẹ́ríkà, ṣe kò jìnnà sí èyí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, páìpù alumíníọ́mù bàálù ogun ló fi ṣe píánò kékeré fáwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di 1965, Fender Rhodes tó ní key 73 jáde.

Bí ẹ bá tẹ key kan lórí rẹ̀, òòlù kékeré tó ní rọ́bà lórí á gbá irin tín-ín-rín kan bí abẹ́rẹ́. Irin yìí ní èkejì tó nípọn jù ú lọ, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀ka méjì tuning fork tí olùkọ́ físíìsì ń lò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àmọ́ àpótí ńkọ́? Kò sí. Bí ẹ kò bá so píánò yìí mọ́ ampilifáyà, ìró wẹ́wẹ́ lásán lẹ máa gbọ́.

Òòfà ló gba iṣẹ́ àpótí ṣe. Níwájú orí irin kọ̀ọ̀kan ni òòfà kékeré kan wà, wọ́n sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé e lọ́pọ̀ ìgbà. Michael Faraday ti fi hàn láti 1831 pé bí agbára òòfà tó gba inú wáyà wíwé kọjá bá ń yí padà, iná máa jáde nínú wáyà náà. Irin tó ń gbọ̀n ló ń yí agbára òòfà yẹn padà. Iná kékeré tó bá jáde ló ń lọ sí ampilifáyà.

Ibi tí irin dojú kọ

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé irin kan ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí orí rẹ̀ bá dojú kọ àárín òòfà gẹ́lẹ́, bó bá lọ sókè, á jìnnà sí àárín. Bó bá wá sísàlẹ̀, á tún jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jìnnà nínú ìgbọ̀n kan ṣoṣo. Torí náà, 440 á di 880, ẹ ó sì gbọ́ ohùn tó ga ní octave kan, tó ń dún bí agogo.

Bí wọ́n bá wá sún irin náà sókè díẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré lá máa sún mọ́ àárín nínú ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan. 440 á padà, ohùn á nípọn, á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbá key náà gidi, irin á fì jìnnà, á gba àárín òòfà kọjá, ohùn á wá bú. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ líle kì í kàn mú kí ohùn ròkè. Irú ohùn náà gan-an ló ń yí padà. Ẹ tún fetí sí "Water No Get Enemy" tí Fẹlá gbé jáde ní 1975. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ píánò oníná inú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ bí key tó rọra tẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tó gbá.

Ọ̀nà méjì tí plugin gbà ń sín in jẹ

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n gba ohùn píánò gidi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí wọ́n bá tẹ key 73 ní ọ̀nà mẹ́wàá, láti ọwọ́ fẹ́lẹ́ dé ọwọ́ líle, ohùn 730 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ní ìwọ̀n ohùn CD, gbogbo rẹ̀ á tó 1.3 GB. Ó lè dára gan-an, àmọ́ dátà kọ́ ni wọ́n ń fi ta wá lọ́rẹ, laptop tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB á sì máa mí gúlegúle.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n má gba ohùn kankan sílẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n á kọ: bí òòlù ṣe líle tó, bí irin ṣe gùn tó, ibi tí òòfà wà. Kọ̀ǹpútà á wá máa ṣe ìṣirò náà bí ẹ ti ń tẹ key lọ́wọ́. Báyìí ni Pianoteq tó ti ilẹ̀ Faransé wá àti Lounge Lizard tó ti Kánádà wá ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú èyí kì í gba àyè púpọ̀ nínú laptop. Processor ló ń dá lágara.

Bí mo ṣe ń tò ó

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ ọwọ́ yín wò. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ so mọ́ laptop kì í fi ohùn ránṣẹ́, nọ́mbà ló ń fi ránṣẹ́. Láti 1 dé 127 ni nọ́mbà tó ń sọ bí ẹ ṣe tẹ key tó. Ẹ ṣí ibi tí nọ́mbà yìí ti ń hàn nínú sọ́fítíwià yín, kí ẹ tẹ key kan jẹ́jẹ́, kí ẹ wá gbá a. Bó bá jẹ́ pé 100 ni méjèèjì mú wá, ẹ ti rí ohun tó pa ohùn náà: irin orí ìṣirò yẹn kò fì jìnnà rí, kò sì rọra gbọ̀n rí. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì kíbọ́ọ̀dù náà, kí ẹ pa fixed velocity. Bó bá ní velocity curve, ẹ mú èyí tó bá ọwọ́ yín mu. Kò gba kọ́bọ̀.

Èkejì, ẹ wá ibi tí plugin náà ti ń sún òòfà. Àwọn kan ń pè é ní pickup, àwọn mìíràn ń pè é ní tine. Ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe báyìí: sí àárín fún ohùn agogo, kúrò láàárín fún ohùn tó nípọn. Bí akọrin obìnrin bá pọ̀ nínú kwáyà, mo máa ń gbé e kúrò láàárín, kí píánò má baà máa bá wọn du òkè.

Ẹ̀kẹta, bọ́tìnì tí wọ́n kọ vibrato sí lára Rhodes àtijọ́ kì í yí ìró padà. Ṣíṣe ló ń gbé ohùn láti sípíkà ọ̀tún sí ti òsì. Àwa tí à ń sọ Yorùbá mọ̀ pé nǹkan méjì nìyẹn: ẹ lè pariwo "ọkọ́" tàbí kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọkọ́ náà ni, àmọ́ bí ìró bá yí, ó ti di "ọkọ̀".

Ìkẹrin ni ìdádúró. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó tú u jáde; buffer ni wọ́n ń pe ìkójọ náà. Bí buffer bá jẹ́ 1024, ní 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdádúró tó mílísẹ́kọ́ńdù 23, ọwọ́ yín á sì máa ṣíwájú etí. 128 á sọ ọ́ di nǹkan bí 3, àmọ́ laptop kékeré lè máa ta pàrà-pàrà. 256 ni mo máa ń lò, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 6. Bí iná bá lọ, tí laptop bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dín eré processor kù láti ṣọ́ bátìrì. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ sẹ́tíńgì bátìrì, kí ẹ yan high performance, kí ẹ sì tẹ orin kan dé òpin láìkì í sórí iná.

Rhodes gidi wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Èyí tó wà nínú laptop yín kò wúwo, ṣùgbọ́n irin àti òòfà ṣì ni. Ẹ dán ti nọ́mbà yẹn wò lálẹ́ òní, kí ẹ tó pe ẹni tó fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù yín.