Ọ̀rá Mẹ́ta Lábẹ́ Ìrọ̀rí Màmá: Ohun Tí Piroxicam Ń Ṣe Nínú Ara

Nígbà ìsinmi sáà tó kọjá, mo lọ sí Ayétòrò lọ kí ìyá tó bí ìyá mi. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ yàrá wọn ni mo ti rí ọ̀rá mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí. Kápúsù tí wọ́n ti tú kúrò nínú páálí ló wà nínú àkọ́kọ́, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Káàdì oògùn tí wọ́n fi èdè Faransé kọ ló wà nínú ìkejì. Ẹ̀tù ẹ̀fọ́rí ló wà nínú ìkẹta. Màmá ṣàlàyé fún mi: ti orúnkún nìyí, ti ẹ̀yìn nìyẹn, ti orí nìyẹn. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìgbà tí iṣẹ́ gààrí ti pọ̀.

Èmi tí mò ń kọ́ nípa oògùn ní kíláàsì, n kò kọ́kọ́ fura. Ìgbà tí wọ́n sọ pé inú ń ta àwọn, tí ìgbẹ́ àwọn sì ti dúdú bí ọ̀dà láti bí ọjọ́ mẹ́rin, ni àyà mi já. Mo sáré lọ bá ẹni tó ta kápúsù náà fún wọn. Ó ní, "Piroxicam ni, oògùn tó dára gan-an ni." Mo yí káàdì Faransé yẹn padà: piroxicam, 20 mg. Ẹ̀tù ẹ̀fọ́rí ńkọ́? Aspirin ló wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí Màmá lára nílé ìwòsàn.

Ẹni tó ta á kò purọ́ o. Oògùn tó dára ni piroxicam. Ilé-iṣẹ́ Pfizer ló kọ́kọ́ gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Feldene, ọdún 1982 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó níbẹ̀. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí làkúrègbé tàbí oríkèé wíwú bá ti di bárakú sí lára, 20 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí oríkèé bá fara pa, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa ṣe èròjà tí à ń pè ní prostaglandin, òun ló ń mú kí ibẹ̀ wú, kó gbóná, kó sì máa dunni. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe èròjà yìí ni COX. Lọ́dún 1971, John Vane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé COX yìí ni aspirin ń dí lọ́wọ́. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel ní 1982 nítorí iṣẹ́ lórí prostaglandin. Ọ̀nà kan náà ni piroxicam, diclofenac àti ibuprofen ń gbà.

Ibi tí wàhálà wà ni pé prostaglandin kì í ṣe ọ̀tá nìkan. Omi kíkan inú àpòlúkù wa lágbára débi pé ó lè jẹ ẹran ara àpòlúkù fúnra rẹ̀. Nǹkan yíyọ̀ kan tó bò ó nínú ni kì í jẹ́, prostaglandin ló sì ń mú kí ara máa ṣe nǹkan yíyọ̀ náà. Òun kan náà ló ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún kíndìnrín. Piroxicam kò mọ ti orúnkún yàtọ̀ sí ti àpòlúkù, gbogbo rẹ̀ ló ń dí pọ̀. Ó tún ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ ní láti dì kù, nítorí náà bí ọgbẹ́ bá ti là nínú, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá.

Ohun tó ya piroxicam sọ́tọ̀ láàárín ìdílé rẹ̀ ni pé kì í tètè kúrò lára. Ìdajì diclofenac a ti jáde láàárín bí wákàtí 2. Ti piroxicam ń gba nǹkan bí wákàtí 50. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ọrọọrún ṣírò rẹ̀: bí ènìyàn bá lo kápúsù kan lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń lo 20 mg lójoojúmọ́ yóò ní nǹkan bí 70 mg nínú ara lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, dókítà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ẹni tó ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò ní bí 130. Màmá ń gba ti ọ̀rá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe ìṣirò yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn nílé ìwòsàn, n kò lè parí rẹ̀.

Nítorí irú èyí ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣe sọ lọ́dún 2007 pé kí dókítà má fi piroxicam ṣe oògùn àkọ́kọ́ mọ́, kí wọ́n má sì lò ó fún ìrora ọlọ́jọ́ díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti oko dé tí ẹ̀yìn ń ro ló ń rà á.

Àwọn kan ní bí èèyàn bá ti jẹun dáadáa, kò sí ewu. Oúnjẹ lè mú kí inú má ta ènìyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń gbà padà wá bá àpòlúkù. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ náà kò fi yọ ènìyàn. Omeprazole lè dáàbò bo inú, dókítà ni yóò sọ ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ọgbẹ́ inú rí, tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru (piroxicam lè sọ oògùn yẹn di aláìlágbára) gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ 20 kò gbọ́dọ̀ dá a lò.

Ní Yewa tiwa, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdìrókò, oògùn ń gba ẹnubodè wọlé bí aṣọ, páálí rẹ̀ a sì máa sọ èdè tí Màmá kò gbọ́. Àmọ́ lábẹ́ orúkọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ fún oògùn, orúkọ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, òun ni orúkọ oògùn gan-an, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ níbẹ̀: piroxicam ni piroxicam, diclofénac ni diclofenac, ibuprofène ni ibuprofen. Kápúsù tí wọ́n ti tú sínú ọ̀rá ni kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Mo ti bẹ àwọn ará ilé wa pé kí wọ́n máa gba oògùn pẹ̀lú káàdì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ hóró méjì péré ni wọ́n gé níbẹ̀.

Màmá ti padà sílé. Paracetamol, tí kì í ṣe ara ìdílé yìí, ni dókítà ní kí wọ́n máa lò, pẹ̀lú aṣọ gbígbóná lórí orúnkún. Nígbà tí mo pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kò tó ti tẹ́lẹ̀, orúnkún ṣì ń ro wọ́n tí wọ́n bá jókòó pẹ́ nídìí ààrò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," mo sì bi wọ́n ní àwọ̀ ìgbẹ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.