Ẹ Yẹ Ihò Èéfín Wò Kí Ẹ Tó So Ààrò Tuntun Mọ́ Ọn

Ìwé ìlàlóye fún agboolé, ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ ní Maamobi, Ghana

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ẹ̀yin ìyá oníwaakye, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé: bí ẹ bá fẹ́ gbé ààrò tuntun sí ilé ìdáná tó ti ní ihò èéfín tẹ́lẹ̀, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó pe wẹ́dà. Ó kan ààrò onígi, ó sì kan ààrò pẹ́líẹ̀tì, èyí tó ń jó ìyẹ̀ pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ di hóró wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń lo kóòlùpọ́ọ̀tù, ìyẹn ààrò èédú, wà nísàlẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò pé lọ́dún 2020, èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lágbàáyé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn lé ní 237,000. Èéfín tó ń ta wá lójú la máa ń sá fún, ṣùgbọ́n èyí tó ń yára pani kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí atẹ́gùn gidi gbé kiri ara. Ihò èéfín tó ń fà dáadáa ló ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde; èyí tó dí, tàbí tó tóbi ju ààrò lọ, lè dá a padà sínú ilé.

Kí ẹ tó so ó

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

1. Bí ihò náà bá dúró ṣánṣán, ẹ ti dígí kékeré bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ hàn nínú dígí náà. Bí kò bá hàn, ìtẹ́ ẹyẹ, bíríkì tó já tàbí màjàlà ló dí i.
2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá màjàlà inú rẹ̀ kúrò. Èyí tó bá ti nípọn tó mìlímítà 3 lè gbiná.
3. Ẹ jó ewé tútù díẹ̀ nísàlẹ̀ ihò náà, kí ẹnì kan sì dúró nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri. Bí èéfín bá yọ sí i lára, ihò náà ti sán, aládùúgbò yín ni yóò sì máa fa májèlé náà símú lóru. Ẹ pe bíríkìlà.
4. Páìpù ààrò pẹ́líẹ̀tì sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 75 sí 100. Ihò àtijọ́ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín á tutù nínú rẹ̀, kò sì ní lè gòkè mọ́. Ẹ ti páìpù irin tó bá ààrò mu bọ inú rẹ̀ títí dé òkè.
5. Ààrò kan, ihò kan. Ẹ má ṣe so méjì pọ̀.

Bí ẹ bá ń so ó

Ẹ lo irin tí kì í dógùn-ún. Páìpù rọ́bà yóò yọ́. Irin tí a fi sìńkì bò yóò tú májèlé jáde bó bá gbóná gidigidi. Ẹ fi àlẹ̀mọ́ tó lè gba ooru dí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ihò tó ṣeé ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún gbígbá eérú. Páìpù ààrò onígi tí kò ní ìbòrí gbọ́dọ̀ jìnnà sí pákó àti àjà tó sẹ̀ǹtímítà 45. Orí ihò èéfín náà gbọ́dọ̀ ga ju ohunkóhun tó wà láàárín mítà 3 sí i lọ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ má baà ti èéfín padà.

Bí dumsor (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) bá dé

Fáànù iná mànàmáná ló ń ti èéfín ààrò pẹ́líẹ̀tì jáde. Bí iná bá lọ, fáànù á dúró, ṣùgbọ́n ohun tó ń jó kò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn ààrò náà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn sì jáde títí iná inú rẹ̀ yóò fi kú. Ẹni tí kò bá ní bátìrì tó lè gbé fáànù náà, ààrò tí kò nílò fáànù ló sàn fún un.

Ìdánwò ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ dá iná díẹ̀. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, kí ẹ gbé e yí oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan ká. Bí èéfín rẹ̀ bá tú sẹ́yìn lójijì, ibẹ̀ ń jò. Ẹ pa iná, kí ẹ tún un dí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ké bó bá rí carbon monoxide sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn.

Kóòlùpọ́ọ̀tù àti Gyapa

Gyapa, ààrò èédú tó wọ Ghana lọ́dún 2002, ń dín èédú tí ẹ ń rà kù, ṣùgbọ́n bíi kóòlùpọ́ọ̀tù, kò ní ihò èéfín. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa lo àwọn méjèèjì. Lásìkò òjò, ẹ má ṣe gbé wọn wọ yàrá láti yáná. Ẹyín iná tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí kò rú èéfín ṣì ń tú carbon monoxide jáde.

Bí ara ènìyàn bá yí padà

Orí fífọ́, òòyì, èébì, ọkàn tó dàrú: bó bá mú ju ẹnì kan lọ nínú ilé, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, ẹ fura sí ààrò. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ pe 112, tàbí 193 fún ọkọ̀ aláìsàn, tàbí 192 fún panápaná. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ẹ gbé wọn lọ sí Maamobi General Hospital, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú èéfín ni ẹ ti gbé wọn jáde.