Ìwé àyẹ̀wò dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ẹbí: “Sítéèjì wan” ni wọ́n rí, wọn ò wo gíréèdì!

Ayọ̀ ni wọ́n fi gba ìwé náà nígbà tó dé láti láàbù. Ìyá kan tó ń ta aṣọ n'Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí jẹjẹrẹ ilé ẹyin, wọ́n sì yọ ilé ẹyin méjèèjì, ilé ọmọ àti ọ̀rá tó bo ìfun. Àbúrò ọkọ ìyá yìí ló kọ́kọ́ ka ìwé, ló bá pariwo: “Sítéèjì wan ni! Ẹ bá wa dúpẹ́ o! Kí la tún fẹ́ fi kímò ṣe?” Owó kímò kì í sì í ṣe owó kékeré, àpò ara wọn ni wọ́n sì ti máa san án. Ta ni inú ẹ̀ ò ní í dùn?

Àkọ́bí ìyá náà nìkan ni ò dá sí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Dádì, ẹ tún un kà.” Nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n kọ gíréèdì 3 síbẹ̀. Ni ilé bá pín sí méjì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Sítéèjì ń sọ ibi tí àrùn rìn dé, gíréèdì ń sọ bí ìwà ẹ̀ ṣe le tó. Olè tí wọ́n mú lẹ́nu géètì ò tíì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé igi ló mú dání ni àbí ìbọn?

Ìlànà FIGO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin lágbàáyé, tó jáde lọ́dún 2014, ni wọ́n fi ń ka sítéèjì. Tó bá jẹ́ 1, inú ilé ẹyin tàbí ọ̀pá ẹyin nìkan ló wà. Ní 2, ó ti kan ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ tàbí ìfun tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Ní 3, ó ti gòkè sára awọ tó bo ìfun, tàbí sínú àwọn kókó kéékèèké tó ń bá àrùn jà lẹ́yìn ikùn. Ní 4, ó ti dé ọ̀nà jíjìn, bíi inú ẹ̀dọ̀ tàbí omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ 1 náà ní A, B àti C. A ni ẹ̀gbẹ́ kan, B ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí èèpo ilé ẹyin bá ti bẹ́, tàbí tí wọ́n bá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú omi tí wọ́n fi fọ ikùn, ó di C. 1C ni ti ìyá yìí. Àbúrò ọkọ fo C yẹn!

Ohun kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan wà tí wọ́n lọ yọ kókó lásán, àfi ìgbà tí láàbù ní jẹjẹrẹ ni. Tí wọn ò bá yẹ ibòmíràn wò nínú ikùn, kí ló fi dá wa lójú pé 1 ni lóòótọ́? Ó yẹ kí ẹbí béèrè. Àrùn tó mọ ibi í sá pamọ́ sí ni: inú á kàn máa wú, oúnjẹ díẹ̀ á ti yó èèyàn, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Òun ló pa Coretta Scott King, opó Martin Luther King, lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2006.

Gíréèdì ńkọ́? Dókítà láàbù á fi awò wo sẹ́ẹ̀lì. Bó bá ṣì jọ sẹ́ẹ̀lì gidi, 1 ni. Bí kò bá jọ ọ́ mọ́ rárá, 3 ni, eré ló sì ń sá. Nínú irú tó wọ́pọ̀ jù, wọn kì í kọ nọ́ńbà, wọ́n á kàn sọ pé ó kéré tàbí ó ga. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé kímò sábà máa ń rí èyí tó ń sáré mú ju èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ C, ó tún fa òmíràn sábẹ́ 3. Ó ní tó bá jẹ́ 1A, gíréèdì 1, àwọn lè máa ṣọ́ ọ lásán, ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé fi sílẹ̀. Ó ní sítéèjì ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á máa pè é lọ, kódà bí àrùn náà bá padà wá.

Àbúrò ọkọ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa gba kímò. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ọkùnrin náà ò sọ nǹkan kan mọ́. Mọ́tò ẹ̀ ló fi gbé ìyá náà lọ gba àkọ́kọ́.