Ṣokoléètì Aláta àti Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò

Bí ẹ bá fi ṣokoléètì tí wọ́n po ata mọ́ sẹ́nu, tí ẹ ò sì rún un, ata kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu. Ṣúgà ni yóò ṣíwájú, ìkorò kòkó á tẹ̀lé e, ìgbà tí ẹ bá ti ń gbé e mì ni ọ̀fun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ta yín. Kì í ṣe pé ata náà kéré. Ohun tó ń ta ènìyàn nínú ata, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò, omi kì í rí i gbé ṣe; ìdí nìyẹn tí ẹni tí ata ta fi ń mu omi títí tí ẹnu rẹ̀ kò sì rọ̀. Ọ̀rá kòkó ló sì so ṣokoléètì pọ̀. Ọ̀rá yìí á dì gbagidi títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 34 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Ooru ara wa tó 37. Bó ṣe ń yọ́ lórí ahọ́n ló ń tú ata sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe ṣokoléètì gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa: kí ni yóò tètè dé ẹnu, kí ni yóò pẹ́. Iyọ̀ kò jọ ata rárá. Omi ẹnu ló ń yọ́ ọ, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń yọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ̀ ọ́ mọ́ kòkó; wọ́n á wọ́n ọn sí ẹ̀yìn ṣokoléètì nígbà tó ṣì rọ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dojú ẹ̀yìn yẹn bo ahọ́n, ẹ ó rí i pé ìkorò kòkó rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí iyọ̀ máa ń pa ìkorò lẹ́nu. Ẹ yí i padà kí ibi tó ń dán wà nísàlẹ̀, ìkorò ni yóò kọ́kọ́ kí yín, iyọ̀ á wá dé lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ ló wù mí jù.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dé inú ṣokoléètì, ìyẹn omi. Lẹ́búlẹ́bú kòkó àti ti ṣúgà ló wà nínú ọ̀rá kòkó, wọ́n sì kúnná débi pé ahọ́n kò lè dá wọn mọ̀. Bí omi díẹ̀ bá kán sí i, ṣúgà á rin, á máa lẹ̀ mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á sì ṣù bí èlùbọ́ tí kò rí omi tó. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gún ata rodo tútù tàbí atalẹ̀ tútù sí i. Wọ́n ní láti sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọ̀rá kòkó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀rá fa òórùn rẹ̀ tán, kí wọ́n wá sẹ́ ẹ. Ìsápá tí a fi ń ṣe sobo ṣeé lò, yàjì onísúyà ṣeé lò, torí gbígbẹ ni wọ́n. Ọsàn ńkọ́? Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń sá.

Ẹni tó bá rò pé àrà tuntun ni ata nínú kòkó, kó lọ bi àwọn ará Mẹ́síkò. Àwọn Aztec ti ń po ata mọ́ kòkó mímu kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣúgà gan-an ni àlejò níbẹ̀. Ní Modica, ìlú kan ní erékùṣù Sísílì tó ti wà lábẹ́ àwọn ará Sípéènì rí, wọ́n ṣì ń ṣe ṣokoléètì aláta àti oní-sínámọ́nì. Wọn kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ pọ̀ débi tí ṣúgà á fi yọ́, wọn kì í sì í rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí Rodolphe Lindt ti Siwisalandi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ní 1879. Ṣúgà á wá máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ ṣokoléètì Modica. Ní Chicago, Katrina Markoff, tó dá Vosges Haut-Chocolat sílẹ̀ ní 1998, fi kọ́rì àti àgbọn sínú ṣokoléètì kan, ó sì rún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú òmíràn. Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà tí wọ́n fi dì í kó tó sanwó.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kòkó fúnra rẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ béèrè. Bí àgbẹ̀ Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì bá ti fọ́ kòkó, kì í sá a lọ́jọ́ náà. Á kó èso rẹ̀ tútù jọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó tàbí kó kó o sínú àpótí onípákó, á sì máa yí i padà fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹran funfun ara rẹ̀ á kan, á máa ṣàn, ooru inú òkìtì náà á sún mọ́ 50. Ibẹ̀ ni ìkorò ti ń dínkù, ibẹ̀ sì ni òórùn tí a mọ̀ mọ́ ṣokoléètì ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyan ni yóò mú un jáde. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì lè fi tún un ṣe. Bí òjò kò bá sì jẹ́ kí kòkó gbẹ, tí wọ́n gbé e sórí iná igi, èéfín á wọ inú rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Nínú ṣokoléètì lásán, ẹ ó gbọ́ òórùn èéfín yẹn kíákíá. Nínú èyí tí wọ́n po yàjì mọ́, ta ni yóò mọ̀?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tọ́ èyí tí wọn kò fi nǹkan kan sí wò, ti ẹni kan náà tó ṣe aláta yẹn. Bí kò bá ta èyí tí kò ní nǹkan nínú, ẹ bi í léèrè bóyá láti orí èso kòkó ló ti ṣe é ni, àbí ó ra ṣokoléètì títóbi tí ẹlòmíràn ṣe, tó yọ́ ọ, tó fi ata sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ni méjèèjì, owó wọn kò sì yẹ kó rí bákan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí 70 tí wọ́n kọ sára bébà rú yín lójú. Ó ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́rin ni kòkó àti ọ̀rá rẹ̀, ṣúgà ló sábà kó èyí tó kù. Kò sọ pé kòkó náà dára.

Ẹ dá a sí méjì. Bó bá dún kọ́, tí ojú rẹ̀ ń dán, ẹni tó ṣe é mọ bí a ti ń mú ooru wálẹ̀ kí ọ̀rá tó dì. Bó bá tẹ̀ láìdún, kò mọ̀ ọ́n, tàbí kí oòrùn ti yọ́ ọ lọ́nà. Ẹ fi ọwọ́ di imú, kí ẹ fi ẹyọ kan sórí ahọ́n. Dídùn, kíkorò, kíkan, iyọ̀ àti títa ata nìkan ni ẹ ó mọ̀. Ẹ tú imú sílẹ̀: òórùn á gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú, òórùn atalẹ̀ tàbí ti ìsápá á sì fara hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi ṣan ẹnu kí ẹ tó mú òmíràn. Omi tútù á mú kí ọ̀rá dì mọ́ ahọ́n, ìyókù kò sì ní ní ìtumọ̀ mọ́.

Ooru Èkó kì í jẹ́ kí ṣokoléètì pẹ́ lórí tábìlì, fíríìjì sì ń bà á jẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá funfun, kò tíì bu. Ọ̀rá ló jáde sójú, tàbí kí ìrì ti yọ́ ṣúgà ara rẹ̀. Ó ṣeé jẹ, ẹwà rẹ̀ ló lọ. Bó bá di dandan kó wọ fíríìjì, ẹ dì í dáadáa, kí ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tíì tú u títí òtútù á fi kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rá kòkó máa ń fa òórùn mọ́ra, irú sì wà nínú fíríìjì wa.