Mo Rò Pé Abo Ni

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú mi tó gbà. Mo ti tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ẹran náà dé ibi tó ṣubú sí, tọ́ọ̀ṣì ń tàn níwájú orí mi, mo sì di etí rẹ̀ mú kí n lè gbé orí rẹ̀ sókè. Àtàǹpàkò mi kan kókó kékeré kan lábẹ́ irun, láàárín etí àti ojú. Mo fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ kejì. Òmíràn wà níbẹ̀. Abo kì í ní irú kókó yìí. Akọ ni, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà láyé.

Oṣù kẹwàá ni, nínú igbó kan láàárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ kí n máa fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ níbẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àdéhùn kan ṣoṣo la jọ ṣe: abo tó ti dàgbà ni kí n pa, kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ akọ kọjá lọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi bí mo ṣe kúnlẹ̀ ti ẹran náà nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ètò wa mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n tú nǹkan palẹ̀ kí n wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí náà, mo fẹ́ tú u. Kí ni ojú mi rí gan-an nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí sì ni mo fọwọ́ ara mi fi kún un?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran náà. Odocoileus virginianus ni orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ìrù rẹ̀ funfun lábẹ́, tí ẹ̀rù bá sì bà á, á gbé ìrù náà sókè bí àsíá, á sá lọ. Àwa Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, àgbọ̀nrín là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àgbọ̀nrín tàbí ìgalà ilé wa gan-an ni. Ìwo ni ẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Ìwo ẹran ilé wa kì í wọ́, títí ayé rẹ̀ ló máa fi wà lórí rẹ̀. Ti ẹran Amẹ́ríkà yìí, egungun ni látòkè délẹ̀. Ó máa ń wọ́ lọ́dọọdún nígbà òtútù, òmíràn á sì hù nígbà tí ojú ọjọ́ bá tún móoru. Akọ nìkan ló sì sábà máa ń ní in. Ọmọ akọ tí wọ́n bí ní bí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà kò tíì ní ìwo nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé. Kókó méjì yẹn nìkan ló ní, ìpìlẹ̀ tí ìwo máa hù lé lórí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní Pennsylvania, ẹran tí ìwo rẹ̀ méjèèjì kò tó íńṣì 3, ẹran tí kò ní ìwo lòfin kà á sí. Ìyẹn ni pé láísẹ́ǹsì tó wà lápò mi gbà mí láyè láti pa èyí tí mo pa. Mo kọ táàgì, mo so ó mọ́ etí rẹ̀, kò sí òfin tí mo rú. Bàbá tó fún mi nílẹ̀ ni mo ṣẹ̀.

Ṣé mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn lóòótọ́ ni? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa o. Abo tó ti dàgbà, ara rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ náà gùn. Ọmọ, ara rẹ̀ kúrú bí àpótí, imú rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ á sì dà bíi pé ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wo àtàrí wọn, ti abo rí roboto láàárín etí méjèèjì, ti ọmọ akọ tẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú gan-an ni mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan nínú ọkọ̀, tí mo ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo wà lórí ẹ̀gùn, ìyẹn ìjókòó tí ọdẹ máa ń ṣe sórí igi láti dúró de ẹran. Oòrùn ti wọ̀ ní bí ìṣẹ́jú 20. Òfin ibẹ̀ gba ọdẹ láyè di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà mo ṣì ní ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti jókòó síbẹ̀ láì rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, irú àkókò yẹn náà, mo rí abo ńlá kan tó gba ọ̀nà kan báyìí lábẹ́ igi óákù kọjá, àyè ò sì gbà mí láti ta á. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fọkàn rò ó. Nígbà tí ẹran kan ṣoṣo yọ lójú ọ̀nà yẹn kan náà, mo ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé.

Ẹ wá wo ojú. Lẹ́yìn ẹyinjú wa, awọ tín-ínrín kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ ká tó lè ríran. Àwọn kan rí ṣóńṣó, kóònù ni wọ́n ń jẹ́. Bíi mílíọ̀nù 6 ni wọ́n nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń jẹ́ ká mọ àwọ̀, àwọn náà ló ń jẹ́ ká rí nǹkan wínníwínní. Àwọn kejì gùn bí ọ̀pá, ẹ jẹ́ ká kúkú pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá. Wọ́n tó mílíọ̀nù 120. Wọn ò mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bíńtín ti tó wọn ṣiṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn kóònù á máa dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá á máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Àárín rẹ́tínà gan-an, ibi tí à ń kọ sí nǹkan tá a bá tẹjú mọ́ ọn, kóònù nìkan ló kún ibẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kankan níbẹ̀. Tó bá ti di wákàtí yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń tẹjú mọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní rí i dáadáa tó. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní, tójú sánmà bá mọ́. Ẹ wá ìràwọ̀ kan tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á padà wá.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá náà ní àbùkù tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń da ohun tí wọ́n rí pọ̀ sórí iṣan kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ kékeré fi ń tó wọn, ìdí náà sì nìyẹn tí wọn ò fi lè sọ bí etí nǹkan ṣe rí gan-an. Bóyá àtàrí tẹ́jú tàbí ó rí roboto, bóyá imú gùn tàbí ó kúrú, ìròyìn wínníwínní nìyẹn. Ìròyìn yẹn ò wọ ojú mi rárá lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kọ́ ló wá yani lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mi ò mọ̀ pé mi ò rí i. Ọpọlọ ò fi àlàfo sílẹ̀ kó sọ fún mi pé “ibí yìí ṣókùnkùn o.” Abo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú wá, ó gbé e síbẹ̀, mo sì rí i kedere.

Ẹran náà, kò níṣòro tèmi. Awọ kan tó ń dán bíi dígí wà lẹ́yìn rẹ́tínà rẹ̀, tapetum lucidum ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kínní, dígí yẹn á dá a padà kí sẹ́ẹ̀lì tún rí i gbà lẹ́ẹ̀kejì. Òun ló fà á tí ojú ẹran fi máa ń tàn yanran tí iná bá kàn án lóru. Bàbá mi fi ìbọn ṣakabùlà àti iná kábáàdì ṣọdẹ lágbègbè Ṣakí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú tó ń tàn yẹn ni wọ́n fi ń wá ẹran. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ fún mi pé, “Ojú nìkan kọ́ lẹran. Jẹ́ kó yí padà, kó o rí ara rẹ̀.” Ojú ewúrẹ́ aládùúgbò náà ń tàn, ti ajá náà ń tàn. Tèèyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn náà máa ń rin inú igbó lóru. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà ogún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. (Ẹ̀yin ará wa tó ń kà wá láti Cuba, mo mọ̀ pé ẹ ti rántí ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tó ní kí ọfà òun wá ọkàn olè tó jí ẹyẹ òun kàn, tí ọfà sì lọ bá ìyá rẹ̀.)

Ohun kejì ni ìwọ̀n, èyí ló sì dùn mí jù. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ síbẹ̀ lójú ọ̀sán pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi lésà wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ẹ̀rọ yẹn wà lápò mi nígbà tí mò ń ta ọfà o, mo kàn rò pé kò sáyè ni. Nígbà tí mò ń tẹ ọrun, lọ́kàn mi, ẹran náà wà ní yáàdì 24. Ẹ̀rọ ní yáàdì 18 ni.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ohun tó bá wà ní yáàdì 18, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga òmíràn, á gba àyè kan náà nínú ojú pẹ̀lú òmíràn náà tó wà ní yáàdì 24. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga abo tó dàgbà, ọmọ oṣù márùn-ún ò jìnnà síyẹn. Ká ní méjì ni wọ́n, ká ní ìyá rẹ̀ dúró tì í, mi ò bá ti rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀kan kéré. Òun nìkan ló wá, láàárín koríko, lábẹ́ igi, kò sí ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Nítorí pé mo ti gbà pé abo ńlá ni, ọpọlọ mi sún un sẹ́yìn kí ìṣirò lè bára mu. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó kàn wọ aṣọ méjì ni.

Ọfà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá gbé ojú ọrun sí yáàdì 24 fún ohun tó wà ní yáàdì 18, ọfà rẹ̀ á ga ju ibi tó fojú sùn lọ. Ojú ọgbẹ́ náà fi bí íńṣì kan ààbọ̀ ga ju ibi tí mo fojú sùn. Ó ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n tó ń hó ni mo rí lórí ewé, ẹran náà ò sì sáré ju bí yáàdì 60 lọ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọrun onípúlì mi ń ta ọfà ní bí ẹsẹ̀ bàtà 280 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọfà yẹn ò lò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó débẹ̀. Èmi sì ti ní odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú tí mo fi ń wò ó bó ṣe ń bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wakọ̀ lọ sílé bàbá náà. Ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó wá sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi àtàǹpàkò kan kókó méjèèjì. Kò bínú. Ó béèrè pé, “Bínókúlà rẹ ń kọ́?” Mo ní ó wà nínú àpò. Ó mi orí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bó ṣe rí lára mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló sọ fún mi pé òun náà ti ṣe é rí, nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, àti pé bóyá ọmọ yẹn ò bá tilẹ̀ ti dúró lórí ilẹ̀ òun. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ yìí, tí wọ́n bá ti pé bí ọdún kan, wọ́n máa ń fi ibi tí wọ́n bí wọn sí sílẹ̀, wọ́n á lọ ìrìn kìlómítà mélòó kan wá ibòmíràn gbé. Akọ tí bàbá ń tọ́jú, oko ẹlòmíràn ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe é síbẹ̀. Ó gba itan kan nínú ẹran náà, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo wo bínókúlà tí wọ́n kọ 10x25 sí lára. Tẹ́ ẹ bá fi 10 pín 25, ẹ máa rí mìlímítà 2.5. Ìyẹn ni bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde látinú rẹ̀ sínú ojú ṣe fẹ̀ tó. Lójú alẹ́, ọmọlójú èèyàn lè ṣí tó mìlímítà 5, ti ọ̀dọ́ lè dé 7. Nítorí náà, ká ní mo tilẹ̀ mú un jáde, á fa ẹran náà súnmọ́ mi, á sì tún fi òkùnkùn kún òkùnkùn. Mo ra 8x42. Ẹ pín ìyẹn náà fúnra yín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún wà lórí ẹ̀gùn yẹn, oòrùn ti wọ̀ ní bí ìṣẹ́jú 20, ẹran kan ṣoṣo sì yọ lábẹ́ igi óákù. Mo wọ̀n ọ́n: yáàdì 26. Mo gbé bínókúlà tuntun sójú. Imú rẹ̀ dà bíi pé ó gùn. Ó bẹ orí wálẹ̀, ewé bo àtàrí rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó yí i padà kí n tó rí i tán. Mo ń wò ó títí ó fi wọ inú oko àgbàdo lọ. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.