Àmì Ìsàlẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Ní abala yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ètò tí a fi ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ó kan èdè wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ẹni tó bá ti wo aṣọ tí àwọn ìyá ní Bùnú hun lórí òfì yóò tètè lóye rẹ̀. Lókèèrè, ọnà ara aṣọ náà jọ ohun kan ṣoṣo. Bí a bá súnmọ́ ọn, òwú lórí òwú ni. Bẹ́ẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà rí: onígun mẹ́rin kéékèèké, tí à ń pè ní píksẹ́lì, ló tò jọ síbẹ̀. Macintosh tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 1984 ní 512 ní ìbú àti 342 ní òró, àpapọ̀ 175,104. Dúdú tàbí funfun ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

MacPaint, tí Bill Atkinson kọ, bá kọ̀ǹpútà náà jáde. Ó ní pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì, rọ́bà ìpàwérẹ́ àti garawa ọ̀dà. FatBits inú rẹ̀ ń sọ píksẹ́lì di ńlá, kí a lè tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1985, Deluxe Paint tí Dan Silva kọ fún Amiga mú àwọ̀ dé. Ọdún náà ni Paint bá Windows àkọ́kọ́ wọlé.

Kí ló wá kan Yorùbá? «Oko» kì í ṣe «ọkọ». Àmì ìsàlẹ̀ ló yà wọ́n. Bí lẹ́tà bá kéré, àmì náà lè má ju píksẹ́lì kan lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní ẹ, ọ àti ṣ, ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ àmì náà sí i nínú irú ètò yìí.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni àwòrán ń rántí, kì í rántí ọ̀rọ̀. Bí a bá ti kọ «ọkọ» sínú Paint tán, ó ti di àwòrán nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà wá a kò ní rí i. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, àfi kí a pa á rẹ́ kí a tún un yà.

Láti 1993 ni Unicode, tó ń fún lẹ́tà gbogbo àgbáyé ní nọ́ńbà, ti ní ẹ, ọ àti ṣ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìpolówó ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú àmì pípé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ó tó di àwòrán. Ní Lọ́kọ́ja níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ojú ìwé la ti kọ́ Yorùbá. Bí àmì bá sọnù, kí ni a ó fi mọ bí a ṣe ń pè é?